Ọkọ̀ Ajá

Owó kajú wọlé. Mo so ó mọ́ ìbàdí lábẹ́ ìró,
mo kó ajá bàbá mi, mo forí lé Kàbbà.
Ọlọ́kadà gbé wa lẹ́ẹ̀mejì, ajá méjì-méjì nínú agbọ̀n,
ó nu itọ́ ajá kúrò lọ́rùn,
ó búra pé ẹlẹ́ẹ̀kẹta ò sí.
Àfi kí n rí ọkọ̀ rà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bàbá fi ìbọn sílẹ̀ fún Olúkọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi,
ó fi oko kọfí sílẹ̀ fún Jọláoyè.
Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ó lọ, ó fi ojú pè mí,
ó fi ojú kan náà júwe ẹ̀yìnkùlé.
Mo gbọ́.
Oko wa wà lódìkejì odò Ọ̀yì,
ọ̀yà ń jẹ iṣu ibẹ̀ bí ẹni ń jẹ ogún bàbá rẹ̀;
abẹ́rẹ́ dìgbòlugi wà ní Kàbbà;
èmi ò sì ní ẹsẹ̀ tí bàbá mi ní.

Arókoyọ̀ tó ń ta ọkọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Lọ́kọ́ja
kọ́kọ́ ṣí Síẹ́nà kan fún mi:
"Amúlétutù ń fẹ́, rédíò ń sọ̀rọ̀,
ìjókòó yìí, ìyàwó gómìnà lè sùn lórí rẹ̀."
Mo ní: èékánná ńkọ́? Ìtọ̀ ńkọ́?
Tìmùtìmù tó bá mu ìtọ̀ ajá lónìí
yóò máa rò ó títí ọyẹ́ yóò fi dé.
Ó wò mí. "Ajá?"
"Ajá mẹ́rin."

Ó pe àwọn mẹkáníìkì kí wọ́n wá gbọ́.
"Ajá tó rí mọ́tò tó dúró, ara rẹ̀ ló fi bọ Ògún.
Ṣé ìwọ wá fẹ́ fi mọ́tò bọ ajá ni?"
Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in.
Ọ̀rọ̀ náà dùn, n kò lè purọ́.

Pijó pikọ́ọ̀pù kan wà níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu.
Mo fi àtẹ́lẹwọ́ lé irin rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, mo ń kà:
ení, èjì, ẹ̀ta —
n kò dé ẹ̀rin.
Ajá kì í wọ bàtà.
Kẹ̀kẹ́ márúwá ńkọ́? Kò nílẹ̀kùn.
Bí Tanímọ̀la bá rí ewúrẹ́ níbi tí òkè ti dà gẹ̀rẹ́, ó dìgbóṣe nìyẹn.

Arókoyọ̀ tún padà sórí Síẹ́nà:
kì í jẹ epo, kò kọlu nǹkan rí,
ẹni tó ni ín kì í gùn ún ju ọjọ́ Ìsinmi lọ.
Ìgbà náà ni mo rí ọ̀kan nínú àwọn ajá tó ń gbẹ́lẹ̀ lábẹ́ igi,
mo ké sí i: "Irọ́-ò-pẹ́! Irọ́-ò-pẹ́!"
Arókoyọ̀ dákẹ́ wìì.
"Ta lo ń bá wí?"
Mo ní, orúkọ tí bàbá mi sọ ọ́ nìyẹn.

Ibi tó ń gbẹ́ náà, ìdí ọkọ̀ búrẹ́dì ni,
ọkọ̀ kúkurú, ọ̀dà rẹ̀ ti bó,
"Oúnjẹ" nìkan ló kù nínú ohun tí wọ́n kọ sí i lára.
Ojú ti Arókoyọ̀ láti fi hàn mí.
Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn: páànù ni ilẹ̀ rẹ̀, garawa omi kan á fọ̀ ọ́;
ihò wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀ tí ooru búrẹ́dì ń bá jáde.
Mo ní kí wọ́n ṣáná sí ẹ́ńjìnnì,
mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi nínú òkùnkùn,
mo mí.
Èéfín ò wọlé. Òórùn ìwúkàrà nìkan ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀yìn-ọ̀la, àgbà wọn, tí ìmàdò ṣẹ́ lẹ́sẹ̀,
tí mo ń gbé sókè sílẹ̀ bí ọmọ tuntun,
gbé ẹsẹ̀ kan lé ẹnu ọkọ̀, ó tún gbé ìkejì.
Ẹnikẹ́ni ò tì í.
Ó fimú tú kọ̀rọ̀ kan, ó yí po lẹ́ẹ̀mẹta, ó dùbúlẹ̀.
Mo tú owó kajú lábẹ́ ìró.

A dé ìyànà Ìyàrà nírọ̀lẹ́. Àwọn ọmọdé ti rí wa lókèèrè,
wọ́n ń sáré bọ̀, owó wà lọ́wọ́ wọn:
"Búrẹ́dì dé! Búrẹ́dì dé!"
Mo páàkì.
Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún wọn.